Ìlú Wo Ló Ti Ń Bá Ọ Sọ̀rọ̀? Bí A Ṣe Ń Mọ Àkáǹtì Tí Ó Ń Purọ́ Ibi Tí Ó Wà



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí gbogbo wa ń mú dání láti òwúrọ̀ di alẹ́, èyí nì ni fóònù, àti àwọn èèyàn tí à ń bá pàdé nínú rẹ̀ tí a kò fojú rí rí.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan, lẹ́yìn tí a ṣe ìpàdé tán, arábìnrin kan tí ó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè fà mí sẹ́yìn, ó sì fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ọkùnrin kan ti ń bá a sọ̀rọ̀ lórí Facebook fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkùnrin náà ní dókítà ni òun ní London, ọmọ Ìjẹ̀bú ni òun, Mùsùlùmí ni òun, òun sì fẹ́ wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ó ní òun ti fi ẹrù ránṣẹ́ sí i, ó ku kí ó san owó kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹrù náà tó lè jáde. Owó ilé ẹ̀kọ́ arábìnrin yìí ni ó fẹ́ mú san án.

Mo bi í pé, "Arábìnrin mi, ìgbà wo ni ó máa ń sọ fún ọ pé òun fẹ́ lọ kírun Mọ̀gàríbì?"

Ó ní, "Bọ̀dá, ní bí aago méje alẹ́ ni. Kì í yẹ̀ ẹ́."

Mo ní kí ó ronú. Nínú oṣù kẹfà, aago London àti aago tiwa bára mu. Ṣùgbọ́n oòrùn London kì í wọ̀ nínú oṣù náà títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Ìlú tí oòrùn ti ń wọ̀ ní aago méje nínú oṣù kẹfà, irú ìlú tiwa yìí ni. Dókítà tí ó ń kírun Mọ̀gàríbì nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè ní London, yálà kò mọ ìrun rẹ̀, tàbí kò sí ní London. Arábìnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Owó náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí rèé tí mo fi rò pé ó yẹ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹni tí ó bá lè wo aago, tí ó lè wo àwòrán dáadáa, tí ó sì lè béèrè ìbéèrè, ó lè ṣe é.

KÍ NI ÌDÍ TÍ ÈÈYÀN FI Ń PURỌ́ IBI TÍ Ó WÀ?

Ìdí mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Èkínní ni gbájúẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé òun wà nítòsí, ìwọ yóò ní kí ó wá kí ọ. Ẹni tí ó bá ní òun wà lókè òkun, ó ti rí àwáwí tí kò fi lè yọjú, ó sì ti rí ìdí tí yóò fi máa béèrè owó kọ́sítọ́ọ̀mù, owó físà àti owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Èkejì ni owó èrò. Àwọn ìkànnì kan ń san owó fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá fa èrò. Láti ọdún 2023 ni X, tí à ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀, ti ń pín owó fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn ìṣèlú Amẹ́ríkà a máa fa èrò púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò dé Amẹ́ríkà rí lè sọ ara rẹ̀ di ọmọ ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìṣèlú. Àlejò tí ó bá fẹ́ dá sí ìdìbò orílẹ̀-èdè mìíràn mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀ bí àlejò, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ òun. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń gbé ẹ̀wù onílé wọ̀.

OHUN TÍ OJÚ TI RÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlọ́ ni à ń pa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ilé iṣẹ́ Facebook kéde pé àwọn pa àkáǹtì, ojú ìwé àti ẹgbẹ́ tí iye wọn jẹ́ 265 rẹ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Archimedes Group ni ó wà lẹ́yìn wọn. Àwọn àkáǹtì yìí ń ṣe bí ọmọ ìlú ní Nàìjíríà, Senegal, Togo, Angola, Niger àti Tunisia. Wọ́n ń kọ ìròyìn, wọ́n ń bú olóṣèlú, wọ́n sì ná nǹkan bí 812,000 dọ́là lórí ìpolówó. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ka ọ̀rọ̀ wọn nígbà ìdìbò 2019 rò pé ará ilé wa ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ọ̀ràn náà gba ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa yọ. Ilé iṣẹ́ ìròyìn CNN àti àwọn olùwádìí Yunifásítì Clemson ní Amẹ́ríkà tú àṣírí ilé kan nítòsí Accra ní Ghana, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Orúkọ ẹgbẹ́ afẹ́nifẹ́re ni wọ́n fi bojú, ṣùgbọ́n okùn iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn kan ní Rọ́ṣíà. Twitter pa àkáǹtì 71 rẹ́. Facebook pa àkáǹtì 49, ojú ìwé 69, àti àkáǹtì Instagram 85 rẹ́. Wọ́n rí ẹ̀ka iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí ohun kan: wọ́n ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ yìí pé ìrọ̀lẹ́ àti òru Ghana ni kí wọ́n máa kọ̀wé, nítorí ìgbà náà ni Amẹ́ríkà wà lójú. Ìyẹn fi hàn pé àwọn onírọ́ gan-an mọ̀ pé aago a máa tú àṣírí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, X gbé ojú ìwé kan jáde tí ó ń fi orílẹ̀-èdè tí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan wà hàn. Kò pẹ́ rárá tí ariwo fi gba ayé. Àkáǹtì kan tí ó ń lo orúkọ Ivanka Trump, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà, tí àwọn tí ó ń tẹ̀ lé e ju mílíọ̀nù kan lọ, Nàìjíríà ni wọ́n rí i pé ó wà. Àwọn mìíràn tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Amẹ́ríkà tòótọ́ wà ní Bangladesh, ní Thailand, àti ní ìlà oòrùn Yúróòpù.

ÀWỌN ONÍMỌ̀ HÁDÍÌSÌ TI ṢE É ṢÁÁJÚ WA

Suratul Hujurāt, ẹsẹ kẹfà, pa á láṣẹ fún wa pé bí ẹni tí a kò lè fọkàn tán bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí rẹ̀ kí á má baà ṣe àwọn ènìyàn níbi láìmọ̀, kí á wá kábàámọ̀. Àwọn onímọ̀ hádíìsì mú àṣẹ yìí lò. Bí ẹnì kan bá ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlùfáà kan, wọn yóò béèrè pé: ọdún wo ni o rí i? Ìlú wo ni ẹ ti pàdé?

Al-Khatīb al-Baghdādī kọ ọ́ sílẹ̀ nípa ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Umar ibn Mūsā. Ó dé ìlú Homs ní Síríà, ó sì ń sọ ẹ̀gbàwá tí ó ní òun gbọ́ lẹ́nu Khālid ibn Ma'dān. Ẹnì kan tí ó ń jẹ́ Ufayr bi í ní ọdún tí ó pàdé rẹ̀. Ó ní ọdún 108 Híjírà ni. Wọ́n bi í ní ibi tí wọ́n ti pàdé. Ó ní lójú ogun Armenia ni. Ufayr ní kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, nítorí pé ọdún 104 ni Khālid kú, àti pé Khālid kò ja ogun Armenia rí, àwọn ará Róòmù ni ó máa ń bá jà. Ìbéèrè méjì péré, ìgbà àti ibi, ni ó tú àṣírí irọ́ náà. Ìbéèrè méjì yìí kan náà ni a óò mú lò lórí fóònù wa.

Ọ̀NÀ MẸ́FÀ TÍ A FI Ń WÁDÌÍ

1. Ka ohun tí ìkànnì fúnra rẹ̀ kọ. Lórí ojú ìwé Facebook, wá ibi tí wọ́n kọ «Page transparency» sí. Yóò fi ọjọ́ tí wọ́n dá ojú ìwé náà sílẹ̀ hàn, àti orúkọ tí ó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ti ọ̀pọ̀ ojú ìwé, yóò tún fi orílẹ̀-èdè tí àwọn tí ó ń darí rẹ̀ wà hàn. Lórí Instagram, tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tí ó wà lókè, kí o sì yan «About this account». Lórí X, tẹ ọjọ́ tí onítọ̀hún dara pọ̀ mọ́ ìkànnì. Yóò fi orílẹ̀-èdè hàn, àti iye ìgbà tí ó ti pààrọ̀ orúkọ, àti ilé ìtajà áàpù tí ó gbà wọlé. Ojú ìwé tí ó ń jẹ́ orúkọ olórin kan lánàá, tí ó wá di ti olówó ṣíṣe-ìrànlọ́wọ́ lónìí, ó yẹ kí á fura sí i.

2. Wo aago rẹ̀. Aago Nàìjíríà kì í yí padà láàárín ọdún. Ti Britain a máa yí: láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, ó bá tiwa mu, ní ìyókù ọdún, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. New York wà lẹ́yìn wa ní wákàtí márùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àti mẹ́fà nígbà òtútù. Nísinsìnyí, mú àkáǹtì tí ó ní òun wà ní New York nínú oṣù keje. Kọ wákàtí tí ó ń fi ọ̀rọ̀ síta sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá ń dákẹ́ lójoojúmọ́ láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ New York títí di aago kan òru, tí ó sì ń jí pẹ̀lú ariwo láti aago kan òru lọ, ìwọ ṣírò rẹ̀: aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Oorun ará ibí ni ó ń sùn.

3. Wo oòrùn rẹ̀. Èyí rọrùn fún àwa tí à ń ṣọ́ àsìkò ìrun. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje nínú oṣù kẹfà, àti ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ nínú oṣù kejìlá. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré. Ní London, aago mẹ́sàn-án kọjá ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀. Bí ẹni tí ó ní òun wà ní London bá pè ọ́ lórí fídíò ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ nínú oṣù kejìlá, tí oòrùn sì ń ràn lójú fèrèsé rẹ̀, o ti rí ìdáhùn. Sọ fún un pé kí ó yí fóònù sí ìta. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà ní ohun tí ó ń fi pamọ́.

4. Wo àwòrán rẹ̀, má wo ojú rẹ̀ nìkan. Ẹ̀gbẹ́ wo ni ọkọ̀ ń rìn? Ọ̀tún ni àwa ń rìn láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Òsì ni Britain ń rìn títí di òní. Irú ihò iná wo ni ó wà lára ògiri? Ti Amẹ́ríkà jẹ́ eyín pẹlẹbẹ méjì. Tiwa àti ti Britain jẹ́ oníga mẹ́ta, nítorí náà kò lè ya àwa àti London sọ́tọ̀. Kí ni wọ́n kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà ọkọ̀? Lẹ́yìn náà, fi àwòrán náà wá lórí Google Lens tàbí TinEye. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ojú ẹlòmíràn tí wọ́n jí ni ìwọ yóò bá níbẹ̀. Má retí pé ibi tí wọ́n ti ya àwòrán yóò wà nínú rẹ̀, nítorí WhatsApp àti Facebook a máa yọ àkọsílẹ̀ náà kúrò.

5. Gbọ́ èdè rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà a máa kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Àwa àti Britain ń kọ ọjọ́ ṣáájú. Ẹni tí a tọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọ̀nà tí ó ń gbà kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwa náà sì ní tiwa. Bákan náà, ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, bi í ní àdúgbò rẹ̀: Òkè-Sopen ni, àbí Ojowo, àbí Atikori, àbí Òkè-Àgbò, àbí Japara? Bi í pé oyè wo ni ọba Ìjẹ̀bú-Igbó ń jẹ́. Ẹni tí kò mọ Orímolúsì, tí ó sì ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ ọ́ lóminú.

6. Má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà fóònù. Nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +44 tàbí +1 kò fi hàn pé Britain tàbí Amẹ́ríkà ni olúwarẹ̀ wà. Wọ́n ń ta irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn sì lè máa lò ó ní yàrá rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè.

BÍ ÌRÒYÌN ÌJÀ BÁ DÉ ŃKỌ́?

Kì í ṣe owó nìkan ni irọ́ yìí ń jẹ. Ká ní àkáǹtì kan gbé e jáde lóru pé, "Mo wà ní Abigi báyìí, wọ́n ń dáná sun ilé, ẹ wá gbà wá." Kí o tó tẹ̀ ẹ́ síwájú sí ẹgbẹ́ WhatsApp tí ó ní igba èèyàn, dúró. Ṣé ó mọ̀ pé Abigi ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, àbí ó ń sọ pé abẹ́ Ìjẹ̀bú North ni ó wà? Ṣé àwòrán iná tí ó gbé síta kò ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ní ìlú mìíràn? Ta ni o mọ̀ ní Abigi, ní Ìbíadé, tàbí ní Ìwòpin tí o lè pè? Ìpè kan sí ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ sàn ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ síwájú lọ. Bí iná tí kò sí bá mú kí ọ̀dọ́ ìlú kan gbé igi lọ bá ìlú kejì, iná tòótọ́ ni yóò tẹ̀ lé e.

ÌKÌLỌ̀: ÀMÌ KAN KÌ Í ṢE Ẹ̀RÍ

Bí a ṣe kọ́ bí a ṣe ń mú onírọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́ bí a kò ṣe ní fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Ohun tí ìkànnì kọ lè ṣìnà. Nígbà tí X gbé ojú ìwé tirẹ̀ jáde ní 2025, ọ̀pọ̀ ni ó kígbe pé ìlú tí wọ́n kọ fún àwọn kì í ṣe tiwọn, ilé iṣẹ́ náà sì gbà pé àṣìṣe wà, pàápàá lórí àwọn àkáǹtì àtijọ́. Ẹni tí ó ń rìnrìn àjò, tàbí tí ó ń lo VPN, lè dà bí ẹni tí ó wà níbi tí kò sí. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ òru yóò sùn lọ́sàn-án. Ẹni tí ó jáde ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1995 lè sọ pé Olabisi Onabanjo University ni òun lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ogun State University ni ó ń jẹ́ títí di 2001. Orúkọ tuntun ni ó mú lò, kò purọ́.

Àwọn mìíràn wà tí ó ní ìdí rere tí wọ́n fi ń fi ibi tí wọ́n wà pamọ́: obìnrin tí ó sá fún ọkọ oníjà, tàbí akọ̀ròyìn tí wọ́n ń lépa. Ẹni tí kò sọ ibi tí ó wà yàtọ̀ sí ẹni tí ó purọ́ rẹ̀ láti fi gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, wá àmì mẹ́ta tí kò ti ibì kan náà wá kí o tó dá ẹjọ́. Bí ó bá sì ti dá ọ lójú, má lọ máa bú u ní gbangba. Má fi owó ránṣẹ́, tọ́jú ọ̀rọ̀ àti àwòrán náà, fi ẹjọ́ sun ìkànnì, kí o sì mú un tọ EFCC tàbí ọlọ́pàá lọ.

ÀWA FÚNRA WA ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ yìí yóò korò díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fò ó. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Meta kéde pé àwọn pa nǹkan bí 63,000 àkáǹtì Instagram rẹ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ń fi àwòrán ìhòòhò halẹ̀ mọ́ àwọn ènìyàn gba owó. Ní 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan rò pé ọmọbìnrin kan ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin láti Èkó ni. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n mú àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 2024. Òfin tiwa náà, Cybercrimes Act ti 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024, kò fojú rere wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

A mọ̀ pé iṣẹ́ kò sí, a sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ tí ó ń gun ọkọ̀ ńlá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ «Houston, Texas» sí ojú ìwé rẹ̀ nígbà tí ó jókòó sí Ojowo, kí ó rántí pé ìyá ẹnì kan ni ó wà ní òpin kejì, bí arábìnrin wa tí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fẹ́ bá a lọ. Má ṣe ohun tí ìwọ kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí àbúrò rẹ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Àkáǹtì kan ní òun wà ní London. Ó ń kí ọ "ẹ káàárọ̀" ní aago márùn-ún àárọ̀ tiwa nínú oṣù kìíní. Aago mélòó ni ìyẹn ní London? Ṣé ó tó láti pè é ní onírọ́?

2. Ìbéèrè méjì wo ni Ufayr bi Umar ibn Mūsā? Báwo ni ìwọ yóò ṣe bi wọ́n lórí WhatsApp?

3. Jẹ́ kí ẹni méjì-méjì ṣí ojú ìwé Facebook kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé, kí wọ́n ka ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ tí ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, àti orílẹ̀-èdè àwọn tí ó ń darí rẹ̀ bí ó bá hàn. Kí ni ó yà yín lẹ́nu?

4. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín ẹni tí ó fi ibi tí ó wà pamọ́ àti ẹni tí ó purọ́ rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun fi òye yé wa, kí ó sì pa owó àti ọ̀wọ̀ wa mọ́. Àmín.